A fẹ́ háyà ọkọ̀ ojú omi fún gbogbo ẹbí ní British Virgin Islands: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, ẹ là mí lọ́yẹ

Àbẹ̀kẹ́:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa yóò pé ọdún 70 lọ́dún tó ń bọ̀. Àwa ọmọ wọn ti fẹnu kò pé ọ̀sẹ̀ kan lórí omi la fẹ́ fi bá wọn yọ̀, gbogbo wa nínú ọkọ̀ kan, láìsí àlejò kankan láàárín wa. British Virgin Islands la mú, torí gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé àwọn erékùṣù rẹ̀ sì sún mọ́ ara wọn.

Àwa 9 ni: Màmá, èmi àti ọkọ mi, àbúrò mi obìnrin àti ọkọ tirẹ̀, pẹ̀lú ọmọ 4. Àgbà nínú àwọn ọmọ jẹ́ ọmọ ọdún 13, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 4. Orúnkún ń yọ Màmá lẹ́nu, wọn ò sì mọ̀wẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọ ló mọ̀wẹ̀ dáadáa.

Ọkọ àbúrò mi ní ìwé ẹ̀rí ìtukọ̀ onígbòkun. Ó ní òun lè tu ọkọ̀ náà, ká má wulẹ̀ gba kápítéènì. Oṣù kẹjọ la ń wò nítorí ìsinmi àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oṣù kẹjọ dára? Irú ọkọ̀ wo ló bá wa mu? Ká gba kápítéènì àbí ká má gbà?

Ọmọ Olódò:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìmúra. Ọlọ́run á jẹ́ kí Màmá ṣe púpọ̀ sí i láyé. Mo ti tukọ̀ fún àwọn ẹbí níbẹ̀ rí, ibẹ̀ sì wà lọ́kàn mi gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ gbé oṣù kẹjọ kúrò nílẹ̀ ná, ká tó sọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Àsìkò ìjì líle lórí òkun Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Láti nǹkan bí àárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ló máa ń le jù. Ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni ìjì Irma kọlu àwọn erékùṣù wọ̀nyí gan-an, ó sì wà ní ìpele 5, tí kò sí ìpele mìíràn lókè rẹ̀. Paraquita Bay ni wọ́n máa ń kó ọkọ̀ sá sí bí ìjì bá ń bọ̀. Nígbà tí Irma kọjá, ṣe ni àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ gun orí ara wọn. Mi ò sọ pé gbogbo oṣù kẹjọ ni ìjì ń jà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ ò ní lè sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbéra, ẹ ó kàn máa wo ojú ọ̀run lórí fóònù.

Ìsinmi Kérésìmesì náà ní wàhálà tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn tó sábà máa ń fẹ́ ní nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 15 sí 20 (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré afẹ́fẹ́ àti ọkọ̀ lójú omi) lè wọ 25 nígbà yẹn, kó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi. Ìgbì a tún máa ti àríwá wá. Bí ẹ bá lè rí àyè láti ìgbà Àjíǹde títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ẹ gbá a mú. Afẹ́fẹ́ á ti rọ̀, ìgbì àríwá á ti ń dáwọ́ dúró, àwọn tó ń du ọkọ̀ náà á sì ti dín kù.

Ṣẹ̀gilọlá:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ẹbí wá ọkọ̀, torí náà ti owó àti ìwé ni kí n bá yín sọ.

Ọ̀nà 3 ló wà. Ẹ lè gba ọkọ̀ lásán kí ẹ tù ú fúnra yín. Ẹ lè gba ọkọ̀, kí ẹ wá háyà kápítéènì lé e. Ẹ sì lè gba ọkọ̀ tó ti ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, kápítéènì àti alásè. Bó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn yìí lẹ mú, ẹ bèèrè bóyá oúnjẹ, epo àti owó ìsokọ̀ ti wà nínú iye tí wọ́n dá. Àwọn kàtàmàránì onígbòkun, ìyẹn ọkọ̀ onídìí méjì, sábà máa ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní agbègbè yẹn. Ti àwọn ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá yàtọ̀: iye ọkọ̀ lọ́tọ̀, ìnáwó lọ́tọ̀. Wọ́n á ní kí ẹ san nǹkan bí ìdá 25 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ìnáwó. Kápítéènì á máa ná an, á máa kọ ọ́ sílẹ̀, á sì dá ìyókù padà fún yín. Kò sí màgòmágó níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ẹ tún fi owó ìmọrírì àwọn òṣìṣẹ́ sí ìṣirò yín. Ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún làwọn èèyàn ń fún wọn ní Kàríbíánì. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni erékùṣù náà wà.

Nínú ìwé àdéhùn, ibi tó sọ̀rọ̀ ìjì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Bí ìjì bá dé kí ẹ tó gbéra, ṣé owó ni wọ́n á dá padà àbí ọjọ́ ni wọ́n á sún? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síléèwé kò rí nǹkan kan fi ọjọ́ tí wọ́n sún ṣe.

Ẹ tún fojú sí iye ibùsùn. Wọ́n lè kọ ọ́ pé ọkọ̀ gba èèyàn 10, kí tábìlì pálọ̀ tí wọ́n ń sọ di bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ wà lára àwọn ibùsùn tí wọ́n kà. Ẹ̀yin 9, kápítéènì 1, ẹnu ti kún nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán ìlànà ọkọ̀ ránṣẹ́, kí ẹ kọ orúkọ sórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Akin Onígbòkun:

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ọkọ àbúrò yín díẹ̀. Nínú gbogbo ibi tí èèyàn ti lè tu ọkọ̀ ara rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló rọrùn tó ibẹ̀ yẹn. Omi Sir Francis Drake Channel wà láàárín Tortola, erékùṣù tó tóbi jù níbẹ̀, ní àríwá àti àwọn erékùṣù Norman, Peter, Salt, Cooper àti Ginger ní gúúsù. Àwọn ni wọ́n ń bá a gba ìgbì òkun dúró. Erékùṣù tí ẹ ń lọ, ẹ ó ti máa fojú rí i láti ibi tí ẹ ti ń gbéra. Ẹni tó bá níwèé ẹ̀rí tó sì ti ń tukọ̀ bọ̀ tó o. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣàdédé gbé ọkọ̀ fún èèyàn, wọ́n á yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n á sì bi í ní ibi tó ti tukọ̀ rí. Ayọ̀ ńlá ni kí ọkùnrin fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹbí rẹ̀ kiri lójú omi. Ẹ má tètè gba ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Olódò:

Bọ̀dá Akin, òótọ́ lẹ sọ nípa ibẹ̀, mi ò sì ṣiyèméjì pé ọkùnrin náà mọ ọkọ̀ tù. Ọ̀rọ̀ tèmi kò dá lórí bóyá ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ìsokọ̀ ìrọ̀lẹ́ nìkan. Bọ́ọ̀lù ńlá kan ló léfòó lójú omi, òun ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ lóru, okùn kúkúrú kan wà lára rẹ̀, okùn náà sì ní ojú. Ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ á kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, á máa rọra bọ̀. Bó bá ti sún mọ́ ọn tán, bọ́ọ̀lù náà á wọ abẹ́ iwájú ọkọ̀, kò ní rí i mọ́. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níwájú, kó máa nawọ́ sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà, kó sì fi ọ̀pá oníkọ̀ọ́ fa okùn rẹ̀ sókè. Ẹlòmíràn á ti di okùn ọkọ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí ọkọ̀ onídìí méjì, okùn méjì ni wọ́n ń lò: ti apá òsì á gba inú ojú okùn bọ́ọ̀lù kọjá, á padà sí apá òsì, ti apá ọ̀tún náà á lọ, á bọ̀ sí apá ọ̀tún. Bí ẹ bá fi okùn kan ṣoṣo gbà á láti òsì sí ọ̀tún, gbogbo òru ni á máa fà lọ fà bọ̀ nínú ojú yẹn, á máa họ, ó sì lè já. Lẹ́yìn èyí, ẹnì kan á wọ inú omi lọ wo bóyá okùn tó so bọ́ọ̀lù mọ́ ìsàlẹ̀ omi ṣì dáa.

Àgbàlagbà 4 ni mo ti kà yẹn, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lọ́wọ́. Màmá jókòó, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè sáré. Ta ló wá ń wo ọmọ ọdún 4?

Ẹ gba kápítéènì tó mọ ibẹ̀. Kò gba iṣẹ́ mọ́ ọkọ àbúrò yín lọ́wọ́. Kápítéènì gidi á gbé ìtọ́kọ̀ fún un láàárọ̀, á jókòó tì í, wọ́n á jọ máa wo afẹ́fẹ́. Bí ojú omi bá wá yí padà, tàbí tí ilẹ̀ bá ṣú tí ọkọ̀ ń mì, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni ló máa dìde.

Akin Onígbòkun:

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 4 yẹn wọ̀ mí létí. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ kí Àǹtí sọ fún ilé-iṣẹ́ náà ṣáájú pé ẹnì kan nínú ẹbí fẹ́ máa tukọ̀, torí àwọn kápítéènì kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Àbẹ̀kẹ́:

Ẹ ṣé gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ọkọ àbúrò mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kápítéènì ni ká gbà. Oṣù kẹjọ náà ti kúrò nílẹ̀. Ohun tó kù tó ń jẹ mí lọ́kàn ni Màmá. Èébì kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn ọkọ̀ ilẹ̀ pàápàá, ká má tíì sọ ti omi. Ẹnì kan fún wọn ní ìmọ̀ràn kí wọ́n lẹ oògùn kan sẹ́yìn etí. Ṣé ó dáa?

Nọ́ọ̀sì Mojí:

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ Màmá létí láìbá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Scopolamine ló wà nínú ìlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn etí yẹn. Ẹni tó bá ní irú àrùn ojú glaucoma kan kò gbọ́dọ̀ lò ó. Nínú àgbàlagbà, ó lè dá orí rú, ó lè má jẹ́ kí ìtọ̀ wá, ó sì lè mú òòyì kọ́ wọn. Orúnkún tó ń dunni àti òòyì lórí ọkọ̀ tó ń mì kò gbọ́dọ̀ pàdé. Ìlẹ̀mọ́ náà kò sì wà fún ọmọdé rárá. Ẹ kó gbogbo oògùn tí Màmá ń lò lọ bá dókítà, kí ó yan èyí tí kò ní bá wọn jà. Èyíkéyìí tó bá yàn, kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n á ti lò ó. Oògùn tí èèyàn gbé mì nígbà tó ti ń bì, inú omi ló ń lọ.

Kí wọ́n jókòó síta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí wọn, nítòsí àárín ọkọ̀, kí wọ́n máa wo ibi tí omi ti pàdé ọ̀run. Kí wọ́n má wo fóònù, kí wọ́n má sì wọ yàrá ìsàlẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀, oòrùn ibẹ̀ ń fa omi ara àgbàlagbà gbẹ kó tó mọ̀.

Ní ti ọkọ̀, onídìí méjì ni kí ẹ mú fún wọn, torí ọkọ̀ onígbòkun onídìí kan máa ń fẹ̀gbẹ́ kan rìn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: yàrá àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ onídìí méjì sábà máa ń wà nísàlẹ̀, inú ìdí ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, àtẹ̀gùn tó dúró ṣánṣán ni wọ́n sì ń gbà sọ̀kalẹ̀. Kí wọ́n ya àtẹ̀gùn náà ní fọ́tò fún yín, kí ẹ rí bóyá ó ní ibi tí wọ́n ń dì mú. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan bá wà tó sún mọ́ àtẹ̀gùn ju òmíràn lọ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni yàrá Màmá.

Dọ̀tun:

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìyàwó mi àti èmi ti kó àwọn ọmọ wa lọ sójú omi bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ fi ti àwọn ọmọ kún un.

Ẹ ra ẹ̀wù amúniléfòó àwọn ọmọ yín fúnra yín, ẹ má dúró de ti inú ọkọ̀. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń yàn án. Bí ẹ bá ti dì í mọ́ ọn lára tán, ẹ di èjìká ẹ̀wù náà méjèèjì mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá gòkè débi àgbọ̀n tàbí etí, ó ti tóbi jù, á bọ́ lọ́rùn ọmọ nínú omi. Ti ọmọ ọdún 4, kí ó ní okùn tó ń gba àárín itan. Àwọn rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ sí apá ọmọ, ohun ìṣeré ni wọ́n.

Àgbàlagbà kan ni kí ó máa wo omi nígbà kan. Kí gbogbo èèyàn mọ orúkọ ẹni náà, kí ó má sì kúrò títí ẹlòmíràn á fi sọ lẹ́nu pé “èmi ni mo kàn báyìí.” Ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Níbi tí àgbàlagbà 5 bá jọ jókòó, oníkálùkù lè máa rò pé ẹnìkejì ń wò ó.

Kápítéènì á sọ fún yín pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ fi jẹnẹrétọ̀ kún un. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè kó jọ síbi tí àwọn ọmọ ti fẹ́ràn láti máa rọ̀ mọ́ àkàbà ẹ̀yìn ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ rọ́bà kékeré tí ẹ ó máa gbé lọ sétí òkun, okùn pupa kan wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á ni okùn yẹn ń wà. Bó bá já bọ́ sómi, okùn náà á pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá rí ẹni tó gbé e kọ́ síbi kan tó sì ń wa ọkọ̀ lọ, ẹ ní kó dúró.

Létí òkun, ẹ fi igi kan tí wọ́n ń pè ní manchineel han àwọn ọmọ. Ó ń so èso aláwọ̀ ewé kékeré bí ápù, májèlé ni, oje rẹ̀ sì ń bó ara. Kí wọ́n má lọ sá òjò sábẹ́ rẹ̀.

Akin Onígbòkun:

Ẹ̀yin Ọmọ Olódò, ẹ bá wa la ọ̀nà ìrìn náà sílẹ̀. Ṣé wọ́n á dé Anegada? Kò yẹ kí èèyàn dé ibẹ̀ kó má dé Anegada.

Ọmọ Olódò:

Anegada rẹwà, mo mọ̀. Iyùn, òkúta tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ń mọ, ló kọ́ erékùṣù náà, kò ga ju nǹkan bíi mítà 8 lọ, débi pé igi ni ẹ ó kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ilẹ̀. Òkìtì iyùn Horseshoe Reef tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 29 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti rì síbẹ̀. Oòrùn gbọ́dọ̀ wà lókè kí ẹ tó wọlé, kí ojú lè rí iyùn nínú omi. Láti erékùṣù Virgin Gorda, ó tó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lórí òkun gbalasa, tí kò sí erékùṣù tó ń gba ìgbì dúró. Fún Màmá yìí, ẹ fi í sílẹ̀. Ìgbà mìíràn ń bọ̀ fún ẹ̀yin géńdé.

Bí mo ṣe máa ṣe é rèé. Ọjọ́ kìíní, láti Tortola lọ sí The Bight ní Norman Island. Ìrìn kúkúrú ni, omi ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Ẹ lo òru méjì níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀wẹ̀ á lọ wo ihò àpáta àti àwọn òkúta tí wọ́n ń pè ní The Indians, Màmá á jókòó sábẹ́ ìbòòji. Lẹ́yìn náà, Cooper Island. Ní Salt Island tó wà nítòsí ni ọkọ̀ RMS Rhone rì sí nínú ìjì ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1867. Bí omi bá mọ́, ẹni tó fi awò ojú wẹ̀ lórí omi lè rí apá ẹ̀yìn rẹ̀.

Virgin Gorda ló kàn, ojú afẹ́fẹ́ sì ni ẹ ó máa dojú kọ débẹ̀. Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó le. Ibẹ̀ ni The Baths wà, àwọn òkúta ràbàtà tó kó jọ sétí omi. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ọkọ̀ rọ́bà kì í gúnlẹ̀ sí iyanrìn ibẹ̀. Okùn kan wà nínú omi tí wọ́n ń so ó mọ́, èèyàn á wá wẹ̀ dé etí òkun. Màmá ò lè ṣe é, ọmọ ọdún 4 náà ò sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Kí kápítéènì so ọkọ̀ mọ́ èbúté Spanish Town lóru yẹn, kí Màmá fẹsẹ̀ ara wọn tẹ ilẹ̀, kí gbogbo yín wọ takisí lọ sí òkè The Baths. Láti ibẹ̀ padà sí Tortola, afẹ́fẹ́ á wà lẹ́yìn yín. Ìgbà yẹn ni ẹ ta ìgbòkun, kí ẹ sì gbé ìtọ́kọ̀ fún ọkọ àbúrò yín.

Ṣẹ̀gilọlá:

Nǹkan kan nípa ìwé ìrìnnà. St. John àti St. Thomas tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n. Ẹ ò kàn lè ya síbẹ̀ lọ wẹ̀ kí ẹ padà, àyàfi kí ẹ gba ẹnubodè méjèèjì. Bí ọkọ̀ òfuurufú yín bá gba St. Thomas tàbí Puerto Rico, ẹ nílò ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà náà. Ìpara oòrùn tó ní oxybenzone, octinoxate tàbí octocrylene ti di èèwọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Amẹ́ríkà yẹn láti ọdún 2020 nítorí iyùn. Ẹ kúkú ra èyí tó ní zinc oxide fún gbogbo ìrìn náà.

Àbẹ̀kẹ́:

A ti mú un: ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde, ọkọ̀ onídìí méjì oníyàrá 5, pẹ̀lú kápítéènì àti alásè. Màmá wá fi àtẹ̀gùn ilé wa dán ara wọn wò, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé àwọn. Ìbéèrè kan ló kù: kápítéènì 2 ni wọ́n fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí wa. Báwo la ṣe máa yan ọ̀kan?

Ṣẹ̀gilọlá:

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù aláwòrán, kí ẹ máa rí ojú ara yín, kí ẹ tó san owó, kí Màmá jókòó síbẹ̀. Ẹ sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ fún wọn, kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa bèèrè. Èyí tó bá bèèrè nípa orúnkún Màmá àti ọmọ tó kéré jù kó tó máa ka orúkọ erékùṣù fún yín, òun ni kí ẹ mú. Wọ́n á tún fún yín ní fọ́ọ̀mù kan tí ẹ ó kọ oúnjẹ tí ara yín kò gbà àti oògùn tí ẹ ń lò sí. Ẹ má fi ṣeré, torí òun ni alásè máa fi ra ọjà kí ẹ tó dé.

Ọmọ Olódò:

Kí gbogbo yín sì kó ẹrù sínú báàgì rírọ̀ tó ṣeé ká. Àpótí líle kò ríbi dúró sí nínú yàrá ọkọ̀, orí ibùsùn yín ló máa wà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.